Alága Ìkórè Kangaróò

Kí irọ́ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ agbádá, igbó kan wà tí wọ́n ń pè ní Igbó Apàtẹ́wọ́. Kìnnìún ni ọba ibẹ̀. Orúkọ yẹn kò ṣàdédé wá: ohunkóhun tí Kìnnìún bá sọ, kódà kó jẹ́ pé ó sín ni, ìlú á pàtẹ́wọ́.

Àwọn kangaróò ń gbé ní etídò igbó yìí. Wọ́n máa ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, abo wọn sì ń gbé ọmọ sínú àpò tó wà níkùn rẹ̀. Koríko ni wọ́n ń jẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò ju pé ẹran wọn dùn, awọ wọn sì dára fún bàtà.

Lọ́jọ́ kan, Ìkookò, olùdámọ̀ràn ọba, dìde nínú ìgbìmọ̀. Ó ní àwọn oníṣòwò òkè òkun ń wá ẹran àti awọ, àti pé kangaróò ti pọ̀ jù, wọ́n fẹ́ jẹ koríko ìlú tán. Ìkookò tó ń ṣàánú koríko yìí, ẹ jọ̀ọ́, kò fẹnu kan ewé rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

"Kábíyèsí, a ò ní pa wọ́n o," ló wí. "A máa kórè wọn ni. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìkórè, kí n sì jẹ́ alága."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ti Ẹtu ló dún jù, torí ó rò pé bí kangaróò bá kúrò nílẹ̀, koríko etídò di tòun.

Abo kangaróò kan, Ìyá Málọmọ́, dìde lẹ́yìn. Ọmọ mẹ́ta ló ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó bí Málọmọ́, tó ń yọjú nínú àpò rẹ̀.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Bí wọ́n bá kórè mi, ọmọ inú àpò ńkọ́?"

Ìkookò yẹ ìwé wò. "Kò sí ọmọ nínú òfin yìí. Àpò nìkan ni òfin mọ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ọ, inú ṣì ń bí mi.

Obìnrin náà kò sunkún. "Kò burú, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n níbi ìkórè tí mo mọ̀, alága ló ń kọ́kọ́ gbé tiẹ̀ síwájú kí ìjọ tó dìde. Kí alága wa mú ẹnì kan wá láti ilé rẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́, torí ó ti mọ́ wọn lára. Kìnnìún mi orí. Ó fẹ́ràn ètò. "Ìkookò, ọ̀rọ̀ gidi lobìnrin yìí sọ. Ṣé awọ yín ṣe é rán bàtà?"

Òógùn bo Ìkookò. "Kábíyèsí, àṣìsọ ni. Ìkórè kọ́ lorúkọ rẹ̀. Ẹ fún wa lọ́jọ́ méje ká wá òmíràn."

Nígbà tí Ìyá Málọmọ́ dé etídò, ó sọ fáwọn ará rẹ̀ pé, "Ẹni tí a fẹ́ sun jẹ kì í fepo para. Ẹ dìde."

Ìgbìmọ̀ jókòó ti ọ̀rọ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n pè é ní ìdínkù, àwọn kan ní ìtọ́jú, ìjà fẹ́ẹ̀ bẹ́. Lọ́sàn-án gangan làwọn kangaróò ń fò sọdá odò lọ, kò sẹ́ni tó rí wọn.

Lọ́jọ́ keje, Ẹtu ló rí ọ̀rọ̀ náà. "Kábíyèsí, ẹ pè é ní àbójútó àwọn ajẹko."

Ó dùn létí, kò sì kan ilé alága. Kìnnìún lu òǹtẹ̀, wọ́n sì rán àwọn ọmọ Ìkookò lọ sí etídò. Ọwọ́ òfo ni wọ́n mú bọ̀. Koríko nìkan ló kù níbẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀.

Kìnnìún ronú díẹ̀. Àwọn oníṣòwò ń bọ̀ lọ́la, òfin ti wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó dára báyìí kò sì yẹ kó ṣòfò.

"Ẹtu," ló wí, "sún mọ́bí. Ìwọ náà, kí lò ń jẹ?"

Ẹtu ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.