Ìpolówó Fíìmù Tó Tú Ilé Àǹtí Mi

Sátidé yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Aago méje òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni fóònù mi dún. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ni, àbúrò ìyá mi tó ń yan ẹja ní Abereke, létí òkun, níbi tí wọ́n ti ń fi pákó kọ́lé sórí omi.

"Mo ti tú ilé o. Wá bá mi kó pákó."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí bí mi ò bá ṣàlàyé, ọkàn mi kì í balẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni, mi ò ríṣẹ́, mo wá fẹ́ wọ ìdíje kan tí wọ́n ti ní ká ṣe ìpolówó fíìmù nípa ọjọ́ iwájú tí ayé ti bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi wo ìpolówó fíìmù, tí mò ń kọ ọgbọ́n wọn sínú ìwé. Ohùn àgbà kan á máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Àwòrán á máa yára sí i, gbogbo rẹ̀ á wá dákẹ́ lójijì. Orúkọ fíìmù kì í jáde àfi níparí. Ẹ̀rù ba èmi fúnra mi, inú mi sì ń dùn pé ẹ̀rù ń bà mí.

Mo ya ilé ẹ̀kọ́ Abereke tí òkun ti gbé ìdajì rẹ̀ lọ. Mo ya iná gáàsì àwọn ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì tó ń jó lókèèrè. Fún ohùn, mo bẹ Bàbá Fọlá, tí wọ́n máa ń sọ fáwọn apẹja láràárọ̀ bóyá òkun dára. Wọ́n kà á bí mo ṣe kọ ọ́: "Omi ti ń bọ̀. Ẹ kó ohun tí ẹ bá lè kó."

Mo gbé e sórí Wásáàpù lálẹ́ Fúráídè. Wásáàpù gé e sí méjì torí ó gùn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Abereke sì gbé apá kìíní nìkan wọlé. Apá kejì ni orúkọ fíìmù wà.

Mo wọ ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì láti Òde Mahin, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Nígbà tí mo débẹ̀, òpó nìkan ló dúró nínú omi. Àǹtí jókòó lórí páànù òrùlé nínú ọkọ̀ wọn, wọ́n gbé àkùkọ lé itan.

"Àǹtí, fíìmù ni!"

"Fíìmù ta ni? Ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ nìyẹn. Ohùn Bàbá Fọlá nìyẹn. Èwo ni fíìmù níbẹ̀?"

Mo bá yíjú sí Bàbá Fọlá pé kí wọ́n gbà mí. Àwọn náà ti di ẹrù!

"Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ kà á?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ọ lórí fóònù, mo gba ara mi gbọ́."

Ìtìjú mú mi, mo fò sínú omi láti gbé pákó. Fóònù mi bá omi lọ, pẹ̀lú ìpolówó fíìmù tí mi ò tíì fi ránṣẹ́ sí ìdíje. Àǹtí ní:

"Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mò ń tú ilé nìyí. Òkun ló lé mi nígbà méjì àkọ́kọ́. Èyí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo ti kọ́gbọ́n: orúkọ fíìmù ni kó kọ́kọ́ máa jáde.

Ṣùgbọ́n ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta báyìí, mo ti ra ìṣó, Àǹtí ò sì jẹ́ kí n kan pákó kankan. Wọ́n ní irọ́ kọ́ ni mo pa, mo kàn yára sọ ọ́ ni. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ilé ti wà nínú ọkọ̀, ká kúkú gbé e lọ sí Òde Mahin. Ìyá mi ní kí n kàn án padà síbi tí mo ti bá a. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: òòlù ni kí n mú, àbí àjẹ̀ ìtukọ̀?