Bí Olóyè Àkànmú Ṣe Bá Ṣọ́ọ̀kì Ẹ̀yìn Ìjàpá Jìjàkadì

Ẹ bá mi kí Olóyè Àkànmú Ọláòṣebìkan, ọmọ Ọlálọmí, ọmọ ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹni tí bàbá rẹ̀ ń gbé ọkùnrin mẹ́ta ṣánlẹ̀ kó tó jẹun àárọ̀, tí bàbá bàbá rẹ̀ gbé màlúù ṣánlẹ̀ tí màlúù náà fi dìde bẹ̀ ẹ́! Àgbà tó ti ń wa mọ́tò Ìjàpá nígbà tí àwọn oníjíìpù òde òní ṣì wà lẹ́yìn ìyá wọn! Ìjàpá aláwọ̀ ewé, agbẹ́ńjìnnì-sídìí, a-gbó-má-kú!

Àmọ́ kò sí ẹni tí kò ní àléébù. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn Ìjàpá, irin méjì tó yẹ kó máa gba jìgìjìgì mọ́ra, ti kú pátápátá. Bí ọkọ̀ náà bá já sí kòtò kan, ńṣe ni yóò máa fò títí yóò fi bá kòtò mìíràn pàdé. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, gèlè Ìyá Mojísọ́lá, aya Olóyè, fò bọ́ níṣojú Olóyè Ọdúnewu, aládùúgbò wọn tó ní jíìpù. Obìnrin náà fárí gá.

"Bàbá Mojísọ́lá, bí ẹ ò bá wá nǹkan ṣe sí i kí Ìkórè tó dé, jíìpù Olóyè Ọdúnewu ni màá bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti wí tèmi."

Háà! Kí aya olóyè máa sọ̀kalẹ̀ nínú jíìpù olóyè ẹlòmíràn! Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Àkànmú gbé agbádá wọ̀, ó dé abetí-ajá, ó forí lé ìsọ̀ Múfútáù tó ń ta páàtì mọ́tò.

Gbogbo ayé ló mọ bí a ti ń yan ṣọ́ọ̀kì: a ó nà án ró nílẹ̀, a ó tẹ orí rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀fà kì í tẹ nǹkan wò, ìjàkadì ló ń bá a jà. Àkànmú bọ́ agbádá, ó ká ṣòkòtò, ó dìrọ̀ mọ́ èyí tí Múfútáù kọ́kọ́ gbé síta. Ìyẹn rọra wọlé, ó sì rọra jáde.

"Èyí gan-an ló bá a mu, Bàbá," ni Múfútáù wí.

"Èyí tó ń wólẹ̀ fún mi yìí? Ọkọ̀ olóyè kì í dọ̀bálẹ̀ fún kòtò!"

Ẹni tó fẹ́ tajà kì í bá oníbàárà jiyàn. Múfútáù gbé èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ọkọ̀ akóṣu jáde. Àkànmú fi àyà tẹ̀ ẹ́, ó fi ikùn tẹ̀ ẹ́, ó gbé ìdí lé e títí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi kúrò nílẹ̀. Irin náà kò mì. Òógùn bo akọni, inú rẹ̀ sì dùn dẹ́yìn.

"Ọmọ Ọ̀fà bíi tèmi nìyí!" ló wí, ó bá ra méjì.

Nígbà tí wọ́n dè é tán, ìdí Ìjàpá ta sókè bí ìdí àgbò tó fẹ́ kàn. Òkúta kékeré kan lásán lọ́nà ilé, Olóyè forí gbá àjà ọkọ̀.

Ọjọ́ Ìkórè pé. Jíìpù Ọdúnewu ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Mojísọ́lá wo ọkọ rẹ̀ tó dúró ti Ìjàpá pẹ̀lú kókó níwájú orí, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ó ké sí Ìyá Ìjọ àti Ìyá Akọrin, àwọn obìnrin tí Ọlọ́run kò fi ẹran ara ṣahun sí, wọ́n jókòó sẹ́yìn, òun náà sì fún ara rẹ̀ sáàárín wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àgbájọ ìdí ni wọ́n fi tẹ ṣọ́ọ̀kì. Irin agbéraga náà kérora, ó wólẹ̀. Ìjàpá ń yọ́ lọ lórí kòtò, gèlè mẹ́ta kò sì yẹ̀.

Nítorí náà, kí a kéde rẹ̀ láti Ọ̀fà títí dé etí òkun: Àkànmú ṣẹ́gun! Aya rẹ̀ kò wọ jíìpù! Kábíyèsí àwọn awakọ̀, ọkùnrin kan ṣoṣo tó ń gbé obìnrin mẹ́ta kí ara lè tu ẹyọ kan! Bó bá sì wu akọni láti dá lọ sóko, kó kọ́kọ́ yà gbé Ìyá Akọrin.