Amòòkùn Àgbà ti Upney

Kò sí ẹni tó ń gbé Upney, nílùú Òyìnbó, tí kò mọ Alàgbà Gbádégẹṣin. Bí ẹ kò bá tíì mọ̀ ọ́n, òun fúnra rẹ̀ á sọ fún yín. Ní ibùdókọ̀. Lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń ra búrẹ́dì. Lẹ́yìn ìsìn, kí wòlíì tó bọ́ aṣọ funfun rẹ̀ tán.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Ó ní ikùn kan tó máa ń ṣáájú rẹ̀ dé òde. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi ọkọ̀ gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sílé àwọn oníbàárà. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní agbébẹ́ẹ̀dì. Amòòkùn ni. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tó ní òun ti Íjíbítì dé, kò tún jẹ́ orúkọ mìíràn mọ́.

Amòòkùn Àgbà. Àjànàkú inú iyùn. Àna ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. A-sùn-sábẹ́-òkun-kí-irùngbọ̀n-má-tutù.

Òun ló fi gbogbo oríkì wọ̀nyí ki ara rẹ̀. Magdalene ìyàwó rẹ̀ ṣì ń pè é ní Bàbá Dárasími, ó sì ń rán an létí pé kó gbé ìdọ̀tí síta.

Fọ́tò wà nínú fóònù rẹ̀. Ẹja aláwọ̀ mèremère ń kọjá lókè orí rẹ̀, ìjàpá òkun kan ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Alàgbà wà láàárín wọn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wọ kóòtù òtútù, ó fa síìpù rẹ̀ dé ọrùn.

Kóòtù náà gbẹ.

Ẹnìkan bi í léèrè. Omi Íjíbítì, ni Alàgbà wí, kì í rin ènìyàn bẹ́ẹ̀ yẹn.

Gbogbo wa la ti san owó wọlé rí níbi tí wọ́n ti sé ẹja mọ́ inú gíláàsì, tí ènìyàn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. A mọ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n àgbà ni. Ta ni yóò là á mọ́ ọn lójú?

Ẹgbẹ́ Amòòkùn ń pàdé ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Aládúrà wà níbẹ̀, Mùsùlùmí wà níbẹ̀. Ṣùáíbù tó ń wa bọ́ọ̀sì ni alága. Nabeelah, ọmọbìnrin rẹ̀, ni olùkọ́, torí òun ló ní ìwé ẹ̀rí. Lóṣù kẹwàá, ẹgbẹ́ ń lọ sí Òkun Pupa ní Íjíbítì. Omi ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó mọ́ kedere. Iyùn tò lọ bí ìlú, tojú-ilé-tẹ̀yìnkùlé, ẹja ni onílé.

Ọlọ́kọ̀ ojú omi tí yóò gbé wọn ní ìlànà kan. Bí ènìyàn mẹ́jọ bá sanwó, olórí wọn á gùn ún lọ́fẹ̀ẹ́. Nabeelah kò nílò àyè yẹn. Inú ọkọ̀ náà ni yóò ti máa ṣiṣẹ́. Nítorí náà, gbogbo ẹgbẹ́ mọ ẹni tí àyè ọ̀fẹ́ yẹ. Mọ́níkẹ́.

Mọ́níkẹ́ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní àdúgbò Alibon. Ọdún méjì, kò pa ọjọ́ Àìkú kan jẹ. Ó mọ orúkọ ẹja orí iyùn bí ẹni mọ Sáàmù. Kò lówó ìrìn-àjò náà, kò sì ní ní in lọ́dún yìí tàbí lọ́dún tó ń bọ̀. Àyè ọ̀fẹ́ yẹn nìkan ni ọ̀nà tó ní.

Ìgbà náà ni Alàgbà Gbádégẹṣin wọ ìpàdé.

"Ta ló dàgbà jù níbí?" ó bèèrè.

A wo ara wa. Òun ni.

"Ẹ wá ń wá olórí kiri, bí ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n tó ń wá ọmọ."

Nabeelah rọra gbé ọwọ́ sókè. "Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni Òkun Pupa ṣe rí lára yín?"

"Ó tutù. Bíi Barking tiwa níbí nínú oṣù kìíní."

"Òkun Pupa, sà?"

"Apá ibi tí wọ́n gbé mi lọ. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń gbé débẹ̀."

"Ṣé ẹ ríran dáadáa nísàlẹ̀?"

"Áà. Bí mo bá wo ọ̀tún, mò ń rí Mẹ́kà. Bí mo bá wo òsì, mò ń rí Jerúsálẹ́mù."

Ṣùáíbù wúkọ́. Àwọn Mùsùlùmí wo àwọn Aládúrà. Àwọn Aládúrà wo ilẹ̀.

"Ṣé ẹ pàdé ẹja ekurá?" Mọ́níkẹ́ ló bèèrè. "Èyí tí eyín rẹ̀ dà bí ayùn?"

"Ọ̀kan yọjú. Mo wò ó. Ó dọ̀bálẹ̀."

"Ẹja a máa dọ̀bálẹ̀, sà?"

"Èyí tí wọ́n bá kọ́ nílé."

Ṣùáíbù fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ àgbà ṣòro, àfi ká tẹ̀lé òfin ọlọ́kọ̀. Nabeelah bá ka òfin náà jáde. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe olórí yóò wọ inú omi lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Á kúnlẹ̀ sísàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Á bọ́ awò ojú rẹ̀ lábẹ́ omi, á sì tún un wọ̀. Mọ́níkẹ́ yóò ṣe é. Alàgbà yóò ṣe é. Ẹni tó bá yege ló ni àyè.

"Á ṣe kí ni?" ni Alàgbà wí.

"Á kúnlẹ̀, sà. Bí a bá dúró, omi á máa gbé wa kiri. Bí gbogbo ayé ṣe ń kọ́ ọ nìyẹn."

"Níwájú ta ni?"

"Níwájú mi, sà."

Alàgbà wò ó láti orí ìbòrí rẹ̀ dé bàtà rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọmọ Ṣùáíbù. Ẹni tí òun fúnra rẹ̀ gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sílé wọn nígbà tí ọmọ náà ṣì ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ọkùnrin kì í kúnlẹ̀ fún ọmọbìnrin," ó ní. "Èmi yóò ṣe tèmi ní ìdúró."

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ ìmúra. Ó kéde lẹ́yìn ìsìn pé kí gbogbo ìjọ wá. Kí wọ́n mú fóònù. Kí bátìrì kún. Ó lọ bá aránṣọ kan ní Chadwell Heath, torí àgbà kì í wọ ṣòkòtò péńpé níta gbangba. Kẹ̀ǹbẹ̀ ló rán, aláwọ̀ búlúù, olókùn, ó ní àpò mẹ́rin.

"Bàbá Dárasími," ni Magdalene wí, "kí lẹ fẹ́ fi àpò mẹ́rin rà nínú omi?"

"Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni."

Òjé ló fẹ́ kó sínú wọn. Irú èyí tí àwọn apẹja ń so mọ́ ìwọ̀. Kílò mẹ́rìnlá. Alàgbà ti rò ó jinlẹ̀: omi a máa gbé ewé, omi a máa gbé igi, ṣùgbọ́n ta ló ti rí omi tó gbé ọlọ. Ẹni tó bá wúwo á dúró. Ẹni tó bá dúró kò kúnlẹ̀. Ọgbọ́n dé.

Ọjọ́ Àìkú pé. Ìjọ dúró lẹ́yìn gíláàsì lókè adágún, wọ́n na fóònù síwájú. Alàgbà jáde. Sílíńdà atẹ́gùn lẹ́yìn. Bàtà rọ́bà bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Kẹ̀ǹbẹ̀ búlúù. Ó ń rìn bí ẹni tó gbé bẹ́ẹ̀dì méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí amòòkùn tó wọ omi, ẹnì kejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ ara rẹ̀ wò. Okùn, ìdè, iye òjé tó so mọ́ bẹ́líìtì ìbàdí kó lè rì. Mọ́níkẹ́ ni ẹnì kejì. Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí i, tòun ti bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ wo ìdè yín, kí n sì ka òjé ara yín."

"Ìwọ?"

"Kì í ṣe àfojúdi, sà. Ẹ̀yin náà máa yẹ tèmi wò."

"Ọmọdé kì í tú àpò àgbà."

Nabeelah wo bàbá rẹ̀. Ṣùáíbù wo àjà. Àgbà ni.

"Ó dáa," ni Nabeelah wí. "Mítà mẹ́ta péré ni omi yìí jìn. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

Wọ́n wọ inú omi. Mọ́níkẹ́ rọra lọ sísàlẹ̀ bí ewé. Alàgbà lọ bí fìríìjì.

Ó dé ìsàlẹ̀, ó dúró. Gbangba. Ó ká ọwọ́ lé àyà, ó gbé àgbọ̀n sókè. Lókè, ìjọ pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan ní, ẹ wo ọba.

Mọ́níkẹ́ kúnlẹ̀. Ó bọ́ awò ojú. Ó di ojú pọ̀, ó wọ̀ ọ́ padà, ó fi imú fẹ́ omi jáde. Ó parí. Nabeelah yíjú sí Alàgbà, ó nàka sí orúnkún. Alàgbà mi orí. Ó tún nàka. Ó tún mi orí. Báyìí ni ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe lọ.

Nabeelah fi àtàǹpàkò júwe pé kí wọ́n máa lọ sókè.

Mọ́níkẹ́ gbéra. Alàgbà náà gbéra. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ó padà.

Ó tún fò. Ó padà.

Ó fò bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n da iyọ̀ sí lára. Ojú rẹ̀ kún awò náà tán. Ó yọ rọ́bà tó fi ń mí kúrò lẹ́nu láti pe orúkọ Jésù. Ìfóófòó nìkan ló jáde.

Mọ́níkẹ́ ti padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti rọ́bà náà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó di èjìká rẹ̀ mú títí ó fi mí. Ó tú bẹ́líìtì òjé. Alàgbà kò mì. Mọ́níkẹ́ fọwọ́ kan àpò ọ̀tún, ó fọwọ́ kan àpò òsì. Ó yé e. Kò sí àkókò fún ìtọrọ àforíjì. Ó fa okùn kẹ̀ǹbẹ̀.

Alàgbà ta sókè bí ìdérí ìgò.

Ó ti yọ lójú omi dé ìbàdí kí ìjọ tó rí i pé kò sí nǹkankan ní ìbàdí náà. Àwọn ìyá ìjọ yí ojú padà. Wọn kò yí fóònù padà.

"Ìyá Dárasími," ni ẹnìkan wí, "ṣé ọkọ yín nìyẹn?"

Magdalene wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Ojú rẹ̀ jọ ọ́."

Alàgbà fọwọ́ fa omi dé ibi tí kò jìn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò jìn ju ìdodo lọ. Bó bá dúró, ayé á rí i. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò rí Mẹ́kà, kò rí Jerúsálẹ́mù. Ó bá kúnlẹ̀. Omi bò ó dé àgbọ̀n. Iwájú ẹsẹ̀ Nabeelah, tó ti bá a dé ibẹ̀, ló bọ́ sí gẹ́lẹ́.

"Alàgbà," ni Ṣùáíbù wí láti etí omi, "ẹ dákun, ṣé ẹ ti dé Òkun Pupa rí?"

Alàgbà ronú.

"Mo gbọ́ pé ó pupa," ó ní.

Ṣùáíbù ṣí ìwé ẹgbẹ́, ó kọ orúkọ Mọ́níkẹ́ síbi tí wọ́n kọ Olórí sí, ó fàlà sí i nídìí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́. Ìjọ náà pàtẹ́wọ́, torí wọ́n ti na ọwọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ẹ bá mi mú ṣòkòtò mi," ni Alàgbà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Gbogbo wa wo ìsàlẹ̀ adágún. Kẹ̀ǹbẹ̀ wà níbẹ̀. Òjé dè é mọ́lẹ̀, omi kún ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó dúró ṣánṣán láàárín omi. Òun nìkan ni kò kúnlẹ̀.

Mọ́níkẹ́ jáde nínú omi, ó bọ́ sílíńdà, ó na ọwọ́ mú tówẹ́ẹ̀lì tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí omi, ó nà án sí Alàgbà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé.

"Ẹ kú ìnira, sà," ó ní. "Ẹ má wulẹ̀ dìde."