Òwú Tí Kò Ní Ja

Maṣíìnì tí Ìyá Alápá-Gígùn fi ń jẹun gùn tó ìbú yàrá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Oníbàárà tí kò bá tíì débẹ̀ rí á kọ́kọ́ wo apá obìnrin náà títí, kó tó gbójú sókè rí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe. Bí ẹnìkan bá ti fi ìrépé aṣọ to ojú kúbùsù tán, á gbé e wá fún un. Òun á tẹ́ òwú rírọ̀ sáàárín, á tẹ́ aṣọ mìíràn sísàlẹ̀, á sì fi maṣíìnì rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láti etí dé etí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àgbàlagbà ọkùnrin kan wọlé, ó gbé ìdì aṣọ mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Bàbá Àmì làwọn tó kọ́ ń pè é, nítorí pé ní gbogbo ọdún tó fi kọ́ wọn ní èdè Yorùbá, ẹni tó bá gbàgbé àmì ohùn kan, máàkì kan ti lọ nìyẹn.

Ìyá tú ìdì náà sórí tábìlì. Àwọ̀ wàrà, àwọ̀ ojú ọ̀run, àwọ̀ ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, gbogbo rẹ̀ ní ègé kéékèèké, etí kò sì wọ́ níbì kankan. Ó fọwọ́ pa á.

"Ta ló rán an?"

"Ìyàwó mi ló rán mi," ni Bàbá Àmì dáhùn.

"Mo ní ta ló rán aṣọ."

"Kò rán aṣọ. Èmi ló rán, mo kàn gbé aṣọ dání ni."

Ìyá wo ojú rẹ̀ bóyá àwàdà ló ń ṣe. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ìyá bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Àmì wá ṣàlàyé. Oṣù mẹ́wàá gbáko ni ìyàwó rẹ̀ fi to kúbùsù náà. Aṣọ tí ọmọbìnrin wọn wọ̀ nígbà kékeré ló gé sí wẹ́wẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí ọmọ náà lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú kan tó tutù. Ìyàwó rẹ̀ ì bá gbé e wá fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kó kúrò níbi iṣẹ́. Kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ rán ọkọ rẹ̀ níṣẹ́ mọ́. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, zíìpù kan ló ní kó bá òun rà. Páálí bọ́tìnnì mẹ́rin ló gbé wálé, ó sì fi wákàtí kan sọ ìdí tí bọ́tìnnì fi dára ju zíìpù lọ. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tòní yìí ni àkọ́kọ́.

"Nítorí náà," ló wí, "mi ò fẹ́ àṣìṣe kankan."

Ó yọ bébà kan lápò. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi sórí fóònù ló dà kọ síbẹ̀, ó sì fi bírò pupa fàmì sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní ojú máa ń ti òun láti gbé ọ̀rọ̀ tí kò lámì kiri ìgboro. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó kà á:

"Òwú tí kò ní já ni mo fẹ́. Kí ó máa hàn. Ẹ má pè mí tí ẹ bá dé ibẹ̀."

Ìyá ní ti àkọ́kọ́ yẹn yé òun. Maṣíìnì òun kì í rọra lọ. Ó ń sá síwájú, ó ń sá sẹ́yìn, ó ń yí bírí, òwú tí kò bá lágbára á sì já sínú rẹ̀. Ó gbé ìdì òwú méjì wá. Ọ̀kan jẹ́ kọ́tìn, ó rọ̀, kì í dán, àmọ́ ó máa ń gbọn ìhùùhù òwú sínú ẹ̀rọ. Èkejì jẹ́ pọ́líẹ́sítà, ó tín-ín-rín, ó sì le. Ó ní òun á fara mọ́ èkejì.

Bàbá Àmì tú pọ́líẹ́sítà náà, ó wé e mọ́ ìkúùkù rẹ̀ méjèèjì, ó fà á pẹ̀lú gbogbo agbára. Ó já. Ó wo Ìyá bí ẹni wo ọmọ tó ṣi ìṣirò kọ lójú pátákó.

"Ó já."

"Ọ̀gá, ọmọ yín fẹ́ fi bora ni. Kò ní fi wọ́ mọ́tò."

"Kò ní já ni wọ́n kọ síbí. Wọn ò kọ pé kò ní tètè já."

Ó lọ sídìí pẹpẹ òwú fúnra rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó rí òwú dúdú kan tó nípọn, èyí tí Ìyá ṣèèṣì rà nígbà kan, tó wá ń fi rán ọwọ́ báàgì tó bá já. Ó fà á títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ, títí fìlà rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀. Òwú náà kò mira. Ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Èyí."

"Kò lè wọ ojú yìí, ọ̀gá. Ojú kéré."

Bàbá Àmì bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nà án sí i. "Ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú. Èmi náà ò ríran dáadáa mọ́. Ẹ fi èyí wò ó."

"Ojú abẹ́rẹ́ ni mo ń wí."

Ó gba jígí rẹ̀ padà. Ó ní kí wọ́n lo abẹ́rẹ́ olójú ńlá, ṣebí wọ́n ń tà á. Ìyá rọra ṣàlàyé fún un pé abẹ́rẹ́ tó bá gba òwú yẹn, ihò ni yóò máa dá sáṣọ, tó bá sì fi máa rán an dé etí kejì, kúbùsù á ti di asẹ́. Ó ní ṣé asẹ́ ni ọmọ á máa fi bora ní ìlú tó tutù? Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Bàbá Àmì létí. Ó dá òwú dúdú náà padà síbi tó ti mú un.

Wọ́n bọ́ sórí àwọ̀. Bàbá Àmì kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, pupa ló mú, èyí tó pọ́n bí iná. Ìyá ní lórí aṣọ tó mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, pupa nìkan ni ojú á máa rí, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé aṣọ wà níbẹ̀. Bàbá Àmì fi ìka lu bébà ọwọ́ rẹ̀. Ó ní "máa" ni wọ́n kọ, kò sì sí ẹni tó lè kọ́ òun ní iṣẹ́ tí "máa" ń ṣe nínú gbólóhùn. Kí ó hàn lónìí, kí ó hàn lọ́la, kí ó má sì dẹ́kun àtimáa hàn. Ó sọ ọ́ lọ, ó sọ ọ́ bọ̀, títí Ìyá fi fẹ̀yìn ti ògiri.

Nígbà tó rí i pé kò ní dákẹ́, Ìyá gé àlòkù aṣọ kan tó jọ ti kúbùsù náà, ó tẹ́ òwú rírọ̀ sí i nínú, ó fi òwú pupa rán ewé mẹ́ta àti ìtàkùn kan sí i lára, ó gbé e fún un. Bàbá Àmì gbé e lọ sójú fèrèsé. Ojú rẹ̀ tàn.

"Ó dà bí ìwé tí mo ti máàkì."

"Ohun témi náà rí nìyẹn," ni Ìyá wí. "Ọmọ yín á máa bora, á máa rò pé òun féèlì."

Bàbá Àmì kúrò lójú fèrèsé. Ó wo àlòkù náà, ó wo kúbùsù. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé nígbà tí ọmọ náà wà ní kíláàsì òun, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ti fi ìwé Yorùbá rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí rí, kí òun má baà rí i. Ó ká àlòkù náà, ó fi í sápò.

Ìyá ní kí wọ́n kúkú pe ìyàwó. Bàbá Àmì ní obìnrin náà ti kọ ọ́ pé kí wọ́n má pe òun. Ìyá wá ní kó jẹ́ kí òun rí àtẹ̀jíṣẹ́ náà gan-an, kì í ṣe bébà. Ó lọ́ra. Ó ní kò ṣeé fi han èèyàn, kò lámì rárá, àfi bí ẹni pé wọ́n ní kó mú ìyàwó rẹ̀ jáde láìtíì múra tán. Nígbẹ̀yìn, ó gbé fóònù fún un.

Ohun tó wà níbẹ̀ rèé: "Owu ti ko ni ja ni mo fe. Ki o ma han. E ma pe mi ti e ba de ibe."

Ìyá kò kàwé púpọ̀. Ṣùgbọ́n ogún ọdún ló ti ń gbọ́ bí àwọn tó ń to kúbùsù ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá yẹn, bí wọ́n sì ṣe ń sọ ọ́ lòun náà ṣe kà á jáde:

"Òwú tí kò ní jà ni mo fẹ́. Kí ó má hàn. Ẹ máa pè mí tí ẹ bá dé ibẹ̀."

Bàbá Àmì tún yẹ bébà rẹ̀ wò.

"Ṣé òwú máa ń jà ni?" ni Bàbá Àmì bèèrè.

"Kò ní bá àwọ̀ aṣọ jà ló ń wí. Pupa tẹ́ ẹ mú yẹn ti ń jà látìgbà tẹ́ ẹ ti gbé e."

"A jẹ́ pé ó ní kí n pe òun."

"Aago mélòó lẹ débí?"

"Mẹ́jọ ààbọ̀."

Àwọn méjèèjì jọ wo aago ara ògiri. Mọ́kànlá ti kọjá.

Ó pè é. Fóònù ò tíì dún lẹ́ẹ̀mejì tí obìnrin náà fi gbé e. Ó ní láti àárọ̀ ni fóònù ti wà lórí itan òun, òun ti ń rò ó bóyá mọ́tò gbá a. Ọkọ rẹ̀ ṣàlàyé já, ó ṣàlàyé jà, ó ṣàlàyé dórí òwú pupa. Ibi tó dé nìyẹn tí òdìkejì fi dákẹ́, ó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Bàbá Àmì fi gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó bóyá ìpè náà ti já. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà ní kó gbé e fún Ìyá. Àwọn obìnrin méjèèjì kò lò tó ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi parí ẹ̀: pọ́líẹ́sítà tín-ín-rín tí kì í dán, àwọ̀ eérú tó ṣí, òun náà ni kí wọ́n fi sínú bọ́bìn nísàlẹ̀, kí òwú ìsàlẹ̀ má baà yọjú sókè bí àmì tó-tò-tó. Èyí tí obìnrin náà tún sọ lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá kò jíṣẹ́ rẹ̀.

Ìyá mú ìdì òwú eérú náà sọ̀kalẹ̀. Ó ní èèyàn kì í wo òwú lórí ìdì rẹ̀, nítorí pé lórí ìdì, ó máa ń ki ju bó ṣe rí lọ. Ó tú ẹyọ kan, ó fi lélẹ̀ lórí àwọ̀ wàrà, lórí àwọ̀ ọ̀run, lórí àwọ̀ ewé. Ó pe Bàbá Àmì kó wá wò ó.

"Níbo ló wà?"

"Ó wà níwájú yín."

Bàbá Àmì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó bọ́ jígí, ó nù ún, ó tún un fi sójú. Ìka ló fi rí òwú náà nígbẹ̀yìn. Ó nàró, kò sì sọ ohunkóhun nípa gbólóhùn.

Ìyá na kúbùsù sórí ọ̀pá ẹ̀rọ, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó di ọwọ́ maṣíìnì mú, ó sì gbéra. Ó ti rán ìlà kejì tán nígbà tí fóònù Bàbá Àmì dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni. Ọkùnrin náà kà á, ó tún un kà. Ó dìde, ó gbé fóònù náà wá bá Ìyá.

"E seun oko mi. Mo n bo," ló wà níbẹ̀.

"Ẹ bá mi wò ó, Màmá. Ṣé ọkọ ló pè mí, àbí ọkọ́?"

Ìyá dá maṣíìnì dúró. Ó wo fóònù, ó wo Bàbá Àmì láti òkè dé ilẹ̀.

"Èmi ò lè sọ, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ó ní òun ń bọ̀. Tó bá dé, á fàmì sí yín lára."