Òòṣà Tí Kò Ní Àléébù

Kò sí ohun tí ẹ lè sọ fún ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí tó máa yà á lẹ́nu. Bí ẹ bá ní iná jó ilé yín, á ní, "Kékeré nìyẹn!" Bí ẹ bá ní ẹ fi ẹsẹ̀ rìn láti ìlú kan dé ìkejì, á ní, "Kékeré nìyẹn! Èmi tí mo fi ẹsẹ̀ kan rìn ín ńkọ́?" Ilẹ̀kùn àti fèrèsé ló ń tà. Bí oníbàárà bá béèrè bóyá ilẹ̀kùn le, kò ní kàn sọ pé ó le. Á ní olè kan fẹ́ já ilẹ̀kùn òun nígbà kan, ó já a já a títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ló bá kan ilẹ̀kùn náà jẹ́jẹ́, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fún òun lómi mu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Kékeré-Nìyẹn. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé ìyá tó bí i gan-an ti gbàgbé èyí tí òun sọ ọ́.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Kékeré-Nìyẹn yàtọ̀ díẹ̀. Ìdí ni ẹnu tirẹ̀ kó ọ̀ràn bá.

Ìfẹ́ ló fà á. Ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì kan wá ra ilẹ̀kùn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń wo ilẹ̀kùn, Kékeré-Nìyẹn ń wo nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ di ẹ̀rín, ẹ̀rín di ìfẹ́, ìfẹ́ wá di pé kó wá fojú han àwọn òbí. Ọmọ náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn gan-an ni, ẹ má rò pé àṣejù ẹnu ló ń dà á láàmú nídìí èyí. Bí wọn ò bá fún un, kò mọ ohun tó máa fi ayé rẹ̀ ṣe.

"Màámi ò le," nọ́ọ̀sì sọ fún un. "Àmọ́ wọn ò ní gbà fún ẹni tí wọn ò bá tíì bá ṣeré."

"Eré wo?"

"Eré òòṣà."

Ó wá ṣàlàyé. Ní ọ̀sán Sátidé, gbogbo ilé wọn máa ń jókòó sí pálọ̀, wọ́n á máa ṣe bí ẹni tó ń gbé ìlú kan tí kò sí níbì kankan, ìlú tí wọ́n fi ẹnu ara wọn tẹ̀ dó. Oníkálukú á dá òòṣà tirẹ̀, òòṣà tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí láyé. Wọ́n á kọ ọ́ sára káàdìbọ́ọ̀dù ńlá kan lára ògiri: ohun tí òòṣà náà lè ṣe, àti àléébù rẹ̀. Bí ìṣòro bá dé bá ẹnikẹ́ni nínú eré, á gbàdúrà sí òòṣà tó bá wù ú, ẹni tó dá òòṣà náà gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Ohun tó bá sì ti wà lára ògiri, kò sí kíkó ọ̀rọ̀ jẹ.

"Màámi gbà pé òòṣà tí èèyàn bá dá, inú ẹni náà ló ti wá. Ẹnì kan wá tọrọ mi níjelòó, ó dá òòṣà tó ń gbowó lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sùn. Tíì tí wọ́n gbé fún un ò tíì tutù tí wọ́n fi sìn ín dé ẹnu ọ̀nà."

"Kékeré nìyẹn! Òòṣà tí èmi máa dá, àwọn òòṣà yín á máa bá a gbé bàtà."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn," ni nọ́ọ̀sì wí.

Nígbà tí Sátidé pé, Kékeré-Nìyẹn wọ ṣòkòtò tó lọ̀ títí ojú ìlà rẹ̀ fi lè gé búrẹ́dì. Ìyá nọ́ọ̀sì ló ṣílẹ̀kùn fún un. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá yìí, irú tíṣà tó máa kọjú sí pátákó, tó sì máa mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn.

"Wá jókòó, ọmọ mi. Àmọ́ rọra wo orí àga kó o tó jókòó o, ilé yìí, ibi tọ́wọ́ bá dé la ń gbé nǹkan sí."

"Kékeré nìyẹn, mà!"

Ló bá ju ara rẹ̀ sórí àga onítìmùtìmù bí àpò sìmẹ́ǹtì.

Kẹrẹ́!

Kékeré-Nìyẹn wúkọ́ kíákíá kó lè bo ìró náà. Màmá ti ń lọ sí ilé ìdáná. Ó fi ọwọ́ wá abẹ́ ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́, ó kan nǹkan roboto, ó tún kan ibi tí nǹkan roboto náà ti sán.  Ohun tó yẹ kó ṣe ò pọ̀: kó dìde, kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bẹ̀bẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta wúwo lẹ́nu rẹ̀ ju ilẹ̀kùn onírin lọ. Ó wá gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé ẹ̀rí.

Màmá padà dé. Nọ́ọ̀sì jókòó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù jókòó. Màmá ń fọwọ́ pa iwájú orí ara rẹ̀.

"Awò ojú mi dà? Ẹ ò bá mi rí awò ojú mi?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà!" Kékeré-Nìyẹn gbà á lẹ́nu wọn. "Nǹkan ò lè sọnù níbi tí mo bá wà. Bí mo bá dìde wá a báyìí, fúnra rẹ̀ ló máa jáde."

Gbogbo wọn dúró kó dìde. Kò dìde.

"Ó dáa," ni màmá wí níkẹyìn. "Ẹ jẹ́ ká máa ṣeré lọ. Àwọn tó wà lára ògiri nìyí." Màmá wá ń ka òòṣà ilé fún un láìwo ògiri. Ti nọ́ọ̀sì ni òòṣà òjò. Àléébù rẹ̀ ni pé bó bá ti rẹ́rìn-ín, òjò á rọ̀, kò sì lè mú ẹ̀rín mọ́ra. Ti ẹ̀gbọ́n ni òòṣà kòtò ojú ọ̀nà, tí kì í ríran lókè. Ti bàbá ilé, tó ń ṣe búrẹ́dì tà, ni òòṣà oorun, tó ń fi oorun fún gbogbo ìlú tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í rí sùn. "Tèmi ni Ìyá Wẹ́wẹ́, òòṣà àwọn ohun kéékèèké. Bọ́tìnì, abẹ́rẹ́, kọ́kọ́rọ́, ìdérí ìkòkò. Ó máa ń bá gbogbo èèyàn wá tiwọn rí. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í rí tara rẹ̀."

Kékeré-Nìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Òòṣà bọ́tìnì!

"Kékeré nìyẹn, mà, ẹ má bínú. Bọ̀dá mi, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ òòṣà tèmi ni Ajùwọ́nlọ-Tó-Tún-Jù-Wọ́n-Lọ."

Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ títí, káàdìbọ́ọ̀dù tán, ó kọ "Lọ" tó kẹ́yìn sára ògiri.

"Kí ló lè ṣe?"

"Ẹ bi mí ní ohun tí kò lè ṣe! Ó ń rí gbogbo nǹkan, tòkè tilẹ̀, tòde tinú."

"Ṣé tó fi dé abẹ́ nǹkan?" màmá béèrè.

"Abẹ́ nǹkan gan-an ni agbára rẹ̀ pọ̀ sí jù!" Ẹnu rẹ̀ ti sáré kọjá kí ọgbọ́n tó wọ bàtà. "Kì í purọ́. Ó sì ń wo gbogbo àìsàn sàn kí àdúrà tó parí."

"Àléébù rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní, mà."

"Òòṣà tí kò ní àléébù kì í pẹ́ nínú eré yìí o."

"Ẹ fi í sílẹ̀ lófo, mà. Kò sẹ́ni tó máa rí nǹkan kan kọ síbẹ̀."

Màmá rẹ́rìn-ín múṣẹ́, wọ́n ká ọwọ́ lé àyà. "Ó dáa. Èmi ni mo kọ́kọ́ ní ìṣòro ní ìlú wa lónìí. Ìyá Wẹ́wẹ́ kì í rí tara rẹ̀, ìwọ ni mo ké pè. Ajùwọ́nlọ tó ń rí abẹ́ gbogbo nǹkan, awò ojú mi dà?"

Kékeré-Nìyẹn tún ara rẹ̀ jókòó dáadáa. Kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun ò mọ̀, òòṣà rẹ̀ mọ gbogbo nǹkan. Kò gbọ́dọ̀ purọ́, òòṣà rẹ̀ kì í purọ́. Ó mú kí ohùn rẹ̀ nípọn.

"Ó wà nínú ilé yìí."

"Ẹ ṣeun, bàbá òòṣà. Ibo nínú ilé?"

"Ibi tó… tó móoru."

Ẹ̀gbọ́n sáré lọ ṣí sítóòfù wò.

"Ó rọ̀ pẹ̀lú," ni òòṣà fi kún un.

Nọ́ọ̀sì lọ tú bẹ́ẹ̀dì.

"Ó sì ṣókùnkùn."

Wọ́n wo inú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n wo inú bàtà bàbá. Wọn ò rí nǹkan kan, Kékeré-Nìyẹn jókòó gbọnin láàárín wọn, ó ń darí wọn bí ọ̀gá agbaṣẹ́ṣe. Nígbà tí wọ́n ní kó wá mu tíì nídìí tábìlì, ó ní òun kì í mu tíì. Wọ́n ní kó wá wo fọ́tò nọ́ọ̀sì nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó fẹ́ wò ó o! Ó na ọrùn títí ọrùn fẹ́ já, ó ní òun ti ń rí i dáadáa láti ọ̀ọ́kán. Nọ́ọ̀sì yí fọ́tò náà padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń kọ sí i láti ẹ̀ẹ̀kan.

Ibẹ̀ ni bàbá ilé ti wọlé, ìyẹ̀fun funfun lára aṣọ, búrẹ́dì gbígbóná lábẹ́ apá. Gbogbo ilé dìde kí i káàbọ̀.

Ẹnì kan ò dìde.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fojú inú wò ó. Ọkùnrin tó wá tọrọ ọmọ, bàbá ọmọ wọlé, ó jókòó bí ọba, ó ń mi orí!  Nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀, omi ti ń gbára jọ sí i lójú. Ìyẹn gan-an ló dun Kékeré-Nìyẹn jù, ju gíláàsì tó ń gún un nísàlẹ̀ lọ.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sunkún. "Ẹ̀… ẹ̀yìn ló mú mi, sà. Mi ò lè dìde."

"Ẹ̀yìn?" Nọ́ọ̀sì gbójú sókè. "Láti ìgbà wo? Jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ wò."

"Má tẹ̀ ẹ́! Má fọwọ́ kàn án!"

Bàbá ò bínú. Ẹni tó ń jí lóru po ìyẹ̀fun lójoojúmọ́, kì í ní agbára ìbínú lọ́sàn-án. Wọ́n kàn wo ara ògiri, wọ́n kà á láti orí títí dé "Lọ," wọ́n gbójú sókè, wọ́n pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀.

"Ajùwọ́nlọ-Tó-Tún-Jù-Wọ́n-Lọ, jọ̀ọ́, bá mi wo ẹ̀yìn ọmọ yìí sàn."

"Ó máa sàn, sà. Tó bá di ọ̀la…"

"Kí àdúrà tó parí ni o wí," ẹ̀gbọ́n nawọ́ sí ògiri. "Kò sí kíkó ọ̀rọ̀ jẹ nílé yìí."

"Àmín," ni bàbá wí. "Àdúrà ti parí."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Èmi ní bí irọ́ bá jókòó fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni wọ́n máa ní kó dìde. Kékeré-Nìyẹn rọra dìde. Ó kọjú sí bàbá, ó kọ̀dí sí àga, ó sì yọjú wo orí àga náà lọ́gbọ́n. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀! Òfìfo! Inú rẹ̀ dùn, ẹnu rẹ̀ padà sípò.

"Ẹ rí i! Ó ti sàn! Kékeré nìyẹn fún Ajùwọ́nlọ!" Ó wá tẹrí ba síwájú bàbá láti kí wọn dáadáa, orí nísàlẹ̀, ìdí lókè, ìdí náà sì dojú kọ ibi tí màmá jókòó.

Màmá tí kò ríran jìnnà láìsí awò dijú mọ́ra, wọ́n tún là á.

"Ẹ dúró ná. Kí ló ń wò mí láti ìdí ọmọkùnrin yìí?"

Awò ojú ni! Apá rẹ̀ kan ti há sí àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, ó ń fì síwá sẹ́yìn, gíláàsì kan ti sán, èkejì ń tàn wàì.

Ẹ̀rín tí nọ́ọ̀sì rín lọ́jọ́ náà, bó bá jẹ́ òótọ́ ni ìlú wọn wà, ìkún-omi ni ì bá gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n di ògiri mú. Bàbá fi búrẹ́dì bo ẹnu.

Kékeré-Nìyẹn la ẹnu, ó fẹ́ ní òòṣà òun ló bá wọn tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀. Ó wo ojú nọ́ọ̀sì. Ẹnu náà pa dé, nígbà tó sì tún ṣí, ohùn tó jáde kéré.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Èmi ni mo jókòó lé e nígbà tí mo wọlé. Ẹ ti kìlọ̀ fún mi. Ẹ̀rù ló bà mí pé ẹ ò ní fún mi lọ́mọ mọ́."

"Awò ojú?" ni màmá wí. "Kékeré nìyẹn. Irọ́ tó jókòó lé e ló tóbi."

Wọ́n já awò náà kúrò nídìí rẹ̀, wọ́n nù ún, wọ́n fi í sójú ní wíwọ́. Ṣebí wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́? Àgbà wà ní pálọ̀ o, awò wọ́ lójú àgbà. Wọ́n mú bíírò, wọ́n lọ síbi káàdìbọ́ọ̀dù, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí àyè tó ṣófo. Wọ́n kà á sókè bí ẹni ń ka máàkì ní kíláàsì:

"Àléébù: Ó ń rí gbogbo ayé, àfi ohun tó jókòó lé."

Wọ́n wo Kékeré-Nìyẹn láti orí gíláàsì tó sán. "Nísinsìnyí, ó ti di òòṣà tó ṣeé bá gbé. Máa bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Kékeré-Nìyẹn dé pẹ̀lú awò ojú tuntun nínú páálí. Bàbá ló kọ́kọ́ rí, ó sì tẹrí ba kí wọn kó tó wo ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n ní kó jókòó, ó kúnlẹ̀ síwájú àga náà, ó fọwọ́ pa orí rẹ̀, ó gbé tìmùtìmù, ó wo abẹ́, ó gbọn ọ́n, ó tún fọwọ́ pa á. Màmá fi awò tuntun náà wò ó títí, inú wọn ń dùn.

"Àna mi," ni wọ́n wí, wọ́n sì fọwọ́ bo ẹnu, "wò ó dáadáa o. Eyín àtọwọ́dá mi ni mò ń wá lónìí."