Opó Tó Tú Àṣírí fún Òkú Ayédèrú

Ẹjọ́ kan tó yani lẹ́nu dé iwájú Don Teódulo, olórí ìlú wa, lánàá, débi pé àwọn ìgbìmọ̀ gbé ife wáìnì wọn sílẹ̀. Eduvigis opó ló pe Críspulo onígbàjámọ̀ lẹ́jọ́. Ìtìjú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa obìnrin náà. Láti ọjọ́ tọ́rọ̀ ṣẹlẹ̀, kò lè gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá mọ́.

"Don Teódulo, ẹ gbà mí! Ó ku ọ̀la kó di Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, mo ti ra òdòdó sàárè ọkọ mi, mo ti ṣe àdídùn tá à ń pè ní egungun ẹni mímọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kanlẹ̀kùn. Mo ṣí i, Abundio ọkọ mi ni mo rí! Kóòtù rẹ̀, fìlà rẹ̀!"

"Abundio tó kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn?"

"Òun mà ni! Ó ní, 'Fún mi ní súìtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wàá rí wàhálà!' Mo ní òun ni lóòótọ́, bó ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo gbé àwo fún un, ó jẹ ẹ́ tán. Mo wá kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́."

"O jẹ́wọ́ kí ni?"

Eduvigis sorí kọ́. "Pé Leoncio agbẹ́lẹ̀-òkú fẹ́ fi mí ṣaya, mo sì ti gbà. Kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó dún lọ́jọ́ kejì, kò sí irùngbọ̀n tí Críspulo ń fá tí kò tíì gbọ́ nílùú yìí!"

"Críspulo, ṣé o gbọ́?"

"Ẹ̀yin àgbà, ọdún Halowín, tó ti òkè òkun dé, tí wọ́n fi ń múra bí òkú láti tọrọ súìtì, ni mò ń ṣe. Ṣé mo ní èmi ni Abundio ni?"

"Kóòtù ta lo wọ̀?"

"Ti Abundio. Òun ló yá mi kó tó kú. Kò tíì wá gbà á."

"Àdídùn opó ńkọ́?"

"Egúngún ló jẹ egungun. Kí ló burú níbẹ̀?"

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Nemesia aládùúgbò ní, "Funfun ni iwin yẹn, ó ga bí ilé agogo, kò lẹ́sẹ̀ rárá."

"Irọ́!" ni Leoncio wí. "Dúdú ni, kúkúrú ni, elégédé ló dé sórí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n, ó fi tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ nígbà tó ń sá lọ."

"Kí lò ń wá lẹ́yìnkùlé opó?"

"Mo… mò ń wo òdòdó ni."

Don Teódulo fọwọ́ ra irun imú rẹ̀. "Críspulo, o wọ kóòtù òkú, o jẹ oúnjẹ òkú, o gbọ́ ọ̀rọ̀ òkú. Òkú ni ẹ́, títí di Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ tó ń bọ̀. Òkú kì í dé ilé ọtí, kì í ta káàdì. Máa fá irùngbọ̀n lọ, ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ fọhùn. Lọ́jọ́ Àìkú, Eduvigis á máa fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ bí òkúta sàárè."

"Kí n máa fá irùngbọ̀n láìsọ̀rọ̀? Ẹ kúkú pa mí!"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan?"

"A ò gbọ́ o!" ni ìgbìmọ̀ dáhùn.

Eduvigis bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà. Ó lọ bá Ramira, ìyàwó onígbàjámọ̀, ó dì mọ́ ọn. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù o."

Ramira nu ojú tí kò lómijé. "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ará. Ẹ ṣáà má bá mi ṣàdúrà àjíǹde."