Táíwò Mẹ́sàn-án Nínú Kọ̀ǹpútà

Táíwò Oyèwùmí, àgbẹ̀ Ìlọ́bù, ní àpá àdá lórí àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1996, tí ọkọ̀ gbé ajílẹ̀ wá fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ó wọ ọ́fíìsì ẹgbẹ́, ó jókòó, ó ń jẹ àkàrà nínú bébà. Máyọ̀wá, tí wọ́n gbà láti Òṣogbo láti kó orúkọ ẹgbẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, kò dìde kí i.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Ẹ̀yìn ń dùn ọ́ ni?"

"Iṣẹ́ ni, sà. Ẹ ti gba ajílẹ̀ yín?"

"Dírẹ́bà wo ìwé orúkọ tí o tẹ̀ fún un, ó ní Táíwò Oyèwùmí ti gba tirẹ̀ lọ."

"Ṣé ẹ ti gbà á nìyẹn."

"Táíwò Oyèwùmí ti ọ̀nà Ìfọ́n ló gbà á. Èmi ni ti etí odò. Àwa mẹ́sàn-án là ń jẹ́ ẹ. Ilé wa a máa bí ìbejì."

Máyọ̀wá rẹ́rìn-ín.

"Mo rí i! Orúkọ kan, ilé kan, ìgbà mẹ́sàn-án. Mo ní akọ̀wé yín ló ń tòògbé kọ ọ́. Mo pa mẹ́jọ rẹ́."

"Ta lo bi?"

"Kọ̀ǹpútà ló bi mí, pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ àti ẹ̀rọ lẹ jọ ṣèpàdé lé wa lórí."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í wà láìní ẹ̀dà." Ó gbé díìsì kan sókè. "Gbogbo yín wà níbí."

"Ìgbà wo lo da ẹ̀dà yẹn kọ? Kí o tó pa wá, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

Máyọ̀wá wo díìsì náà. Ó rọra gbé e sílẹ̀.

"Lẹ́yìn rẹ̀ ni, sà."

"O dúró kí a kú tán kí o tó wá ya wá ní fọ́tò."

"Bàbá, ẹ má bínú."

"Ewé àgbàdo mi ti ń pọ́n lóko. Ọkọ̀ á ṣí lọ Ìfọ́n lágogo mẹ́wàá. Gbé ìwé akọ̀wé wá. Gbogbo wa la tẹ̀ka síbẹ̀."

"Ìtẹ̀ka? Mi ò fi ìyẹn sínú ẹ̀rọ. Tàdáwà lásán ni."

"Èèyàn mẹ́sàn-án lè jẹ́ orúkọ kan. Wọn ò lè ní àtàǹpàkò kan. Ìwé ńkọ́?"

"Ayé ìwé ti kọjá, sà. Ó kàn ń gba àyè. Mo... mo kó o fún Hàfúsátù."

"Hàfúsátù wo?"

"Alákàrà ẹnu ọ̀nà yìí."

Bàbá dẹ́kun jíjẹ. Ó wo bébà orí itan rẹ̀. Ó mú àkàrà tó kù kúrò, ó nu epo, ó tẹ́ bébà náà sórí tábìlì. Òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ wà lókè. Ìtẹ̀ka mẹ́sàn-án tò nísàlẹ̀ rẹ̀. Àpá dá ìkẹta sí méjì. Bàbá gbé àtàǹpàkò rẹ̀ tì í.

"Èmi nìyí. N kò kú."

Máyọ̀wá fò dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dà á kọ! Bí alága bá gbọ́, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi!"

"Ẹ̀yìn kò dùn ọ́ mọ́."

Bàbá ká bébà náà, ó fi sápò, ó dìde, ó ń lọ síbi ọkọ̀.

"Bàbá! Kí ni n ó wá ṣe sí ìyókù ìwé náà?"

"Ojú ewé ọgọ́rin ni ìwé náà. Lọ máa ra àkàrà."

Ó jáde.